Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Olóògùn Bá Ní Ìdánwò Òun Yọrí sí Rere: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá gbòde pé ilé-iṣẹ́ kan ti rí oògùn tuntun tó ń ṣiṣẹ́, orí àtẹ̀jáde tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn ni ìròyìn náà sábà máa ń dúró lé. Ìbéèrè tí àwọn aláìsàn, àwọn òbí àti àwọn tó ń tọ́jú èèyàn wọn nílé máa ń béèrè nípa irú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀ ni a dáhùn níhìn-ín. Ibi tí a dúró sí kò fara sin: ìkéde tí kò sọ iye ènìyàn tó lo oògùn, iye tó sàn, iye tí ara wọn kò gbà á, àti ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kò tíì di èsì ìdánwò. Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ sọ nípa ọjà ara rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ń kéde èsì kí àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò?

Òfin wà nídìí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí ìpín ìdókòwò rẹ̀ wà lọ́jà kò gbọdọ̀ yọ́ sọ ohun tó lè gbé owó ìpín náà sókè tàbí já a wálẹ̀ sétí àwọn olówó díẹ̀. Láti ọdún 2000 ni SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò níbẹ̀, ti fi òfin de irú ìwà bẹ́ẹ̀, tó sì ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí èsì ìdánwò bá ti tẹ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, kò lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí òfin yìí ń dáàbò bò: olùdókòwò ni, kì í ṣe aláìsàn. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré tó jẹ́ pé oògùn kan ṣoṣo ló ní, owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ mọ́ bí ìkéde kan ṣoṣo bá ṣe dùn tó létí àwọn olówó.

Irú gbólóhùn wo ló yẹ kó mú wa fura?

Èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni. Wọ́n á ní èsì náà “wú àwọn lórí”, láìsọ ohun tó wú wọn lórí. Wọ́n á ní àwọn aláìsàn “fara da oògùn náà dáadáa”, láìsọ iye àwọn tó pa á tì láàárín ọ̀nà nítorí èébì, orí fífọ́ tàbí ẹ̀dọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n á ní àwọn “rí àmì pé ó ń ṣiṣẹ́”, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó lo oògùn àti àwọn tí kò lò ó kéré débi pé èèṣì lásán lè fà á. Wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò gbé kalẹ̀ “níbi àpérò àwọn oníṣègùn kan tó ń bọ̀”, láìdárúkọ àpérò, láìdárúkọ oṣù. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Ní ti oògùn, ìrètí aláìsàn ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odidi, ìrètí kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Nọ́ńbà inú ìkéde lè jẹ́ òótọ́ látòkèdélẹ̀, kí ìtumọ̀ tí wọ́n fún un má sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀ràn tó fi èyí hàn jù lọ ni ti ilé-iṣẹ́ InterMune ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n ń dán oògùn abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Actimmune wò lára àwọn tó ní àrùn kan tó máa ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di àpá líle díẹ̀díẹ̀, títí mímí yóò fi di iṣẹ́ ńlá. Ènìyàn 330 ló kópa: 162 gba oògùn náà, 168 gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú. Ìbéèrè gbòógì tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni bóyá àwọn tó gba oògùn yóò pẹ́ láyé láìsí pé àrùn náà ń burú sí i ju àwọn yòókù lọ. Ìdáhùn tí ìdánwò náà fún wọn ni pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú, 16 ni láàárín àwọn tó gba oògùn, 28 sì ni láàárín àwọn tí kò gbà á. Ìyàtọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí onímọ̀ ìṣirò lè fọwọ́ sọ̀yà fún pé kì í ṣe èèṣì.

Wọ́n wá tú àkọsílẹ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì ṣa àwọn tí àrùn wọn kò tíì le púpọ̀ sọ́tọ̀. Láàárín àwọn wọ̀nyí, ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ náà gbé àtẹ̀jáde jáde, àkọlé rẹ̀ sì ni pé ìdánwò ti fi hàn pé Actimmune ń mú kí àwọn aláìsàn yìí pẹ́ láyé, ìdá 70 náà sì hàn gàdàgbà lókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, inú ìwé, ni wọ́n ti mẹ́nu ba pé ìbéèrè gbòógì kò yege. Ohun tí wọn kò sọ rárá ni pé lẹ́yìn tí èsì ti jáde ni wọ́n yan àwùjọ tó fún wọn ní ìdá 70. Ó dà bí ẹni tó dúró di ìgbà tí nọ́ńbà Bàbá Ìjẹ̀bú jáde tán kó tó wí pé nọ́ńbà tí òun fẹ́ ta gan-an nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ènìyàn 826 kópa nínú rẹ̀, láti wádìí ọ̀rọ̀ ikú yìí gan-an, wọ́n ní láti dá a dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2007. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ló ti kú. Láàárín àwọn tí kò gbà á, ìdá 13 ni. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ dá ọ̀gá àgbà tó darí ilé-iṣẹ́ náà nígbà ìkéde lẹ́bi jìbìtì nítorí àtẹ̀jáde yẹn. Ẹ ronú sí àkókò tó wà láàárín ọdún 2002 sí 2007, nígbà tí àwọn tí èémí ń hán ń gba abẹ́rẹ́ tó ń ná ẹnì kan ní nǹkan bí 50,000 dọ́là lọ́dún, nítorí pé àkọlé kan sọ fún wọn pé ẹ̀mí àwọn yóò gùn. Àwọn ènìyàn yìí ni a ń rò nígbà tí a bá ní kí àwọn òǹkàwé wa fura.

Bí nọ́ńbà bá wà nínú ìkéde náà, ṣé ó ti tán?

Kò tíì tán, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo lè bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, AstraZeneca kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí òun àti Yunifásítì Oxford jọ ṣe ń dáàbò boni dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, kò sí àwùjọ kan tó rí ìdá 70. Ìpíndọ́gba ni: ìdá 62 láàárín ènìyàn 8,895 tó gba odidi ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, àti ìdá 90 láàárín ènìyàn 2,741 tó gba ìdajì ìwọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá ni aráyé tó gbọ́ pé àṣìṣe nínú wíwọn oògùn ló bí ìdajì yẹn, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni tó lé ní ọmọ ọdún 55 nínú àwùjọ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà ni àrùn náà ń pa jù.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, oṣù yìí kan náà tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yìí gúnlẹ̀ sí Abuja, ilé-iṣẹ́ náà kéde ìdá 79 láti inú ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, Chile àti Peru. Ìgbìmọ̀ olómìnira tó ń ṣọ́ ìdánwò náà kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ wà nínú ìṣirò náà, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́ ni wọ́n sì sọ ọ́ di ìdá 76. Ìdá mẹ́ta kò tó nǹkan, abẹ́rẹ́ náà sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ènìyàn ní ìlú tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n rí gbà nígbà náà.

Èsì tí wọ́n kà kí ìdánwò tó parí tún ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Merck kéde èsì oògùn kòrónà tó ń jẹ́ molnupiravir, a sì gbọ́dọ̀ yìn ín pé nọ́ńbà rẹ̀ hàn: nínú ènìyàn 377 tí kò gba oògùn náà, 53 wọ ilé-ìwòsàn tàbí kú, nínú 385 tó gbà á, 28 ni. Ìròyìn tó tàn ká ni pé oògùn náà ń dín ewu kù ní ìdajì. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, tí wọ́n ti ka gbogbo àwọn tó kópa, ìdajì ti di ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún aláìsàn ṣírò rẹ̀. Láìsí oògùn, bí i mẹ́wàá nínú wọn yóò wọ ilé-ìwòsàn tàbí kú. Pẹ̀lú oògùn, bí i méje. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni oògùn náà yọ. Ẹni mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a ń kó dànù, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ “ìdajì” kò ronú kan mẹ́ta.

Ṣé gbogbo ìkéde aláìkún ló máa ń já sí asán?

Rárá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Moderna kéde pé abẹ́rẹ́ òun ń mú kí ara pèsè èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò kòrónà. Ènìyàn 45 ló wà nínú ìdánwò náà, ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré ni wọ́n sọ èsì wọn nípa irú èròjà tó lè pa agbára kòkòrò náà run. Owó ìpín ilé-iṣẹ́ náà fò sókè ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ náà, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì polówó ìpín tuntun tó mú owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là wọlé fún wọn. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ìdánwò tó ju 30,000 ènìyàn lọ fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ń dáàbò boni dé ìdá 94. Síbẹ̀, ẹni tó kọ̀ láti pàtẹ́wọ́ ní oṣù Karùn-ún kò ṣìṣe. Èsì ènìyàn mẹ́jọ kò lè sọ ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò rí.

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti dára sí i, ṣé kò túmọ̀ sí pé ara ti ń yá?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa gan-an, nítorí Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ lágbàáyé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fún oògùn kan tó ń jẹ́ Oxbryta ní àṣẹ fún àìsàn yìí. Èsì tí wọ́n gbé àṣẹ náà lé ni pé hemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, lọ sókè dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ lára ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà, ní ìfiwéra pẹ̀lú ìdá méje láàárín àwọn tí kò lò ó. Èsì gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn lóru lọ sí ilé-ìwòsàn, tí ọmọ náà ń ké nítorí egungun tó ń ro ó, kò béèrè iye hemoglobin. Ó ń béèrè bóyá irú òru bẹ́ẹ̀ yóò dín kù, àti bóyá ọmọ òun yóò dàgbà. Ìdánwò yẹn kò fi ẹ̀rí èyí múlẹ̀. Àṣẹ ìkánjú ni FDA fún oògùn náà, pẹ̀lú àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ yóò ṣe ìdánwò mìíràn tí yóò fi àǹfààní rẹ̀ hàn lára aláìsàn.

Wọ́n ṣe òmíràn lára àwọn ọmọ 236 tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) lè tètè mú, Nàìjíríà, Ghana àti Kenya sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kópa. Nígbà tí EMA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní oṣù Keje ọdún 2024, ó sọ iye àwọn tó kú ní gbangba: mẹ́jọ láàárín àwọn tó lo oògùn, méjì láàárín àwọn tí kò lò ó. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé oògùn náà ló pa wọ́n, àjọ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, Pfizer, tó ti ra ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2022, kó oògùn náà kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé. Ìkéde Pfizer sọ pé àǹfààní rẹ̀ kò ju ewu rẹ̀ lọ mọ́, ó sì mẹ́nu kan àìdọ́gba nínú iye ìgbà tí ìrora líle ń kọlu àwọn aláìsàn àti nínú iye ikú. Kò sọ iye ikú náà. Òbí tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti lọ wá a lọ́dọ̀ EMA. Ó dùn wá pé àwọn ọmọ tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò kò rí nọ́ńbà tiwọn nínú ìkéde tó kásẹ̀ oògùn náà nílẹ̀.

Nígbà tí àjọ ìjọba bá kọ oògùn, ṣé ilé-iṣẹ́ máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún wa?

Díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ FDA tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà 61 tí àjọ náà fi kọ oògùn wéra pẹ̀lú àtẹ̀jáde tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde lẹ́yìn náà. Fún 11 nínú lẹ́tà wọ̀nyí, ilé-iṣẹ́ kò sọ ohunkóhun. Nínú gbogbo ìdí tí FDA kọ sínú àwọn lẹ́tà náà, ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló hàn nínú àtẹ̀jáde. Lẹ́tà méje sọ pé ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo oògùn. Ẹyọ àtẹ̀jáde kan ló sọ ọ́ fún aráyé.

Ǹjẹ́ a ti rí ìkéde tó ṣe é bó ṣe yẹ rí?

A ti rí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Oxford kéde pé dexamethasone, oògùn ọjọ́ pípẹ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ń gba ẹ̀mí àwọn tí kòrónà dá dùbúlẹ̀ là. Wọ́n sọ pé ènìyàn 2,104 ló gbà á, 4,321 kò gbà á. Wọ́n sọ pé ikú dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ní ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn nìkan, àti pé kò ṣe àǹfààní kankan fún àwọn tí kò nílò ọ́síjìn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kí a wo dáadáa, nítorí ẹni tó ń wá oníbàárà kì í sọ fún ọ pé ọjà òun kò wúlò fún àwọn kan. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kíkún iṣẹ́ náà ti wà níta fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi ìròyìn oògùn tuntun ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nítorí ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ìfẹ́ ló mú wọn fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ènìyàn ni wọ́n dán an wò lára tàbí eku, nítorí ọ̀pọ̀ ìròyìn ló ń fi èyí pamọ́ sísàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi wé àwùjọ tí kò lo oògùn náà, ẹni mélòó ló kópa, àti bóyá ọjọ́ orí wọn jọ ti ọmọ yín. Ẹ má dá oògùn tí dókítà ti fún ọmọ náà dúró láti dúró de èyí tí kò tíì dé. Nínú àwọn oògùn tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára ènìyàn láàárín ọdún 2006 sí 2015, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba àṣẹ FDA níkẹyìn. Tí ẹ bá tẹ ìròyìn náà sórí ìwé lọ bá dókítà yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣé irú ìfura yìí kò ní lé àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́bu àti alágbo tó ń polówó nínú ọkọ̀?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè kan náà ni a ó bi àwọn náà. Ẹni tó ní agbo òun ń wo gbogbo àrùn kò tíì sọ iye ẹni tó mu ún, iye tí kò sàn, àti ohun tí ì bá ti ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá mu ún. Ẹ wo ara ìgò agbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC: ẹ ó sábà rí i kà pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n sọ pé agbo náà ń wò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn.

Níbo ni mo ti lè yẹ ìdánwò kan wò fúnra mi?

ClinicalTrials.gov, ibùdó tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn ìdánwò sílẹ̀, ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2000, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ìdánwò ní ilẹ̀ Áfíríkà, ibùdó àkọsílẹ̀ kan wà ní South Africa tó ń jẹ́ PACTR. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT tàbí PACTR. Láti ọdún 2005 ni àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá ti kọ̀ láti tẹ ìdánwò tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó kópa. Ẹ fi nọ́ńbà náà wá a, kí ẹ wo ìbéèrè gbòógì tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi wé ohun tí ìkéde ń yangàn lé lórí. ClinicalTrials.gov tún ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí náà bí wọ́n bá pààrọ̀ ìbéèrè náà nígbà tí ìdánwò ti ń lọ sópin, ẹ ó rí i. Bí ìkéde kò bá sì sọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ rárá, ẹ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láti béèrè rẹ̀. Kì í ṣe àṣírí.